Ohun tí Mo Kọ nípa Àwo Orin Làásìsì

Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànbí mi, ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí o fi páálí bisikíìtì dì. Awakọ̀ tó gbé e wá ní o kìlọ̀ fún òun pé kí oòrùn má pa á, nítorí náà abẹ́ ìjókòó ara rẹ̀ ló fi í sí láti Èkó títí dé Ọ̀mù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu ẹ̀pà fún un.

Mo yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí o rí. Mo fẹ́ kí o gbà pé mo yọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ lẹ́yìn èyí kò ní jọ ti ẹni tó ń yọ̀. Ní àkókò yìí tí àwọn tó kàwé jù ọ́ lọ ń jókòó síwájú ilé bàbá wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnìkan máa sanwó fún ọmọ mi kí ó máa gbọ́ orin ráàpù, kí ó sì máa sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, àánú Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. O mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ táípì rí ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìlọrin. O mọ̀ pé ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo kó bọ̀ láti ibẹ̀ ni mo fi ń wé ẹ̀pà. Ìyókù n kò sọ fún ọ. Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí gan-an ni mo ṣe, ojú ewé kan ṣoṣo sì wà nínú àwọn ìwé náà tí n kò lè fi wé nǹkan.

O ní kásẹ́ẹ̀tì kejì, ti ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Múfú, kò yé ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín. O ní ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jọ ti ọ̀dọ̀ wa, ti Ìgbómìnà, pé kí n gbọ́ ọ, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọ kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tí olóòtú yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O fi ohun tí o ti kọ sílẹ̀ kún un kí n wò ó. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, mo ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo jáde lọ sí ìdí igi máńgòrò. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń sọ kò yé wa."

Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ gbólóhùn yẹn. Nípa bàbá Múfú yìí ni mo kọ ọ́.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà ní èkínní, èkejì, bí àwọn òbí tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ti máa ń tò ó. Bí ó bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, fi orí jì mí. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ.

Èkínní. Gbọ́ ojú méjèèjì. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù ń gbé sítẹ́rìò wọlé, àwo orin ń jáde bí eéṣú. Páálí kan máa ń dé ọ́fíìsì wa ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ di kọ̀ngílá. Olóòtú wo yàrá yíká, ó rí mi tí mo ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì sí orin kan, ó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ìwọ ni kí o máa kọ ọ́." Bí mo ti di adájọ́ orin nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ló gbaṣẹ́, kì í ṣe etí mi.

Bí a sì ti ń ṣe é nìyí. A ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ, a ó gbọ́ orin àkọ́kọ́. Bí ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú yàrá bá mì, orin dára. Bí kò bá mì, a ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. N kò rántí pé mo yí àwo kan sí ojú kejì rí ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, ojú kejì ni olórin máa ń kó ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí, torí ó mọ̀ pé àwọn tó ń tà á kì í dé ibẹ̀. Gbọ́ ọ nígbà tí ebi bá ń pa ọ́, kí o tún gbọ́ ọ nígbà tí o bá yó, kí o tó mú bírò.

Èkejì. Má kẹ́gàn orin nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí i pé o ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì kìíní ṣe yẹ̀yẹ́, ti àwọn ọmọ Èkó mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀ nímú bí ọmọ Amẹ́ríkà. Mo gbọ́ ọ. Iná kò sí níbí láti ọjọ́ yìí wá, mo ní láti sá bátìrì sí oòrùn lórí ilé adìyẹ kí ó tó lè gbé e. Àkànbí, nínú orin kẹrin, èémí tán nínú ọ̀kan nínú wọn kí ó tó dé ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì bá a parí rẹ̀. Wọn kò sì pa á rẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n ìtajà, ọ̀rẹ́ ni. Kọ ọ́. Ìlù kan náà ni láti orí dé ìdí lóòótọ́, kọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n má fi rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rín inú ìwé ìròyìn le ju ẹyin lọ, kì í fọ́. Níbi tó bá balẹ̀ sí ló máa ń wà.

Mo tún fẹ́ sọ pé má jẹ adìyẹ ẹni tí o máa ṣe ìdájọ́ orin rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, mo sì kọ irọ́ tó dùn bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ẹ̀kẹta ni mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti jókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa kì í ṣe ohun tí a ń gbé wọ Ìlọrin nígbà náà. Gánmọ, lẹ́nu ọ̀nà ìlú, ni a máa ń fi í sílẹ̀ sí, bí ẹni bọ́ bàtà oko kí ó tó wọlé àlejò. Bí mo bá ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ kan bí ìyá àgbà tó tọ́ mi ti ń sọ ọ́, gbogbo yàrá a máa sọ ọ́ tẹ̀lé mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fi odindi ọdún kan kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn. Mo mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ń bi mí pé àdúgbò wo ni wọ́n ti bí mi níbẹ̀. N kì í dá wọn lóhùn, n kì í sì í jiyàn.

Làásìsì, bàbá Múfú, ọmọ Ẹ̀siẹ́, ni a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí a bá ń ro oko sukúù, òun ni yóò máa sọ̀rọ̀ kíákíá, ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀ nínú, àwa a sì máa fi ọkọ́ gbè é. Oko a tán kí a tó mọ̀. Ní àkókò tí mo ń wí yìí, ilé iṣẹ́ àwo kan tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ gbà á láyè kí ó ṣe àwo kan. Kò kọrin. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Okùn gìtá kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, àti ohùn rẹ̀, ní èdè Ìgbómìnà, láìsí ègbè. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ráàpù lónìí ni, ṣùgbọ́n àwa kò ní orúkọ fún un, ohun tí a kò bá sì ní orúkọ fún, wèrè la máa ń pè é.

A gbé e sórí ẹ̀rọ. Kò sí ẹsẹ̀ tó mì. Ẹnìkan ní, "Ta ló ń bá jà?" Ẹlòmíràn ní, "Èdè wo tiẹ̀ nìyẹn? Àbí Nupé ni?" Wọ́n wá wojú mi, nítorí èmi ni n ó kọ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, Àkànbí. Kò sí ọ̀kan tó bọ́. Ó dé apá kan tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ohun tó sọ níbẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá ìdérí bírò, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo dìde, mo ní, "Èmi náà ò gbọ́ ọ o."

Ohun tí mo wá kọ nìyí: "Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí ń sọ kò yé wa, a kò sì rò pé ó yé òun náà." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Olóòtú gbá mi léjìká. Kò pẹ́ tí gbólóhùn náà fi dé ibi ìtajà àwo. Bí oníbàárà bá mú àwo Làásìsì lọ́wọ́, ẹni tó ń tà á a ní, "Ṣé ó yé ẹ?" Oníbàárà a dá a padà. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí.

Ó wá sí ọ́fíìsì wa. Ó wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí gbogbo wa ti ń wọ̀ ọ́, ó di ìwé ìròyìn náà mú. Inú kò bí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì kí mi ní èdè wa, bí a ti ń kí ara wa lóko sukúù, ó tún fi orúkọ tí ìyá àgbà mi fi ń kẹ́ mi kún un. Gbogbo ojú wà lára mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta lẹ̀ ń bèèrè?"

Ẹni tí a jọ mu gààrí nínú ife kan ni mo pè ní sà.

Ó wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, bí omi ti ń wọ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ó fi Yorùbá tó mọ́ ju tèmi lọ dá mi lóhùn: "Ẹ má bínú, màdámù. Ó jọ pé mo ṣi yàrá wọ̀." Ó ká ìwé ìròyìn náà ní mẹ́rin, ó fi í sórí tábìlì mi, ó jáde.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n bi mí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bí ìmọ̀ràn bá wà nínú èyí, òun ni pé má fi ọ̀pọ̀ ènìyàn bojú nígbà tí o bá ń kọ̀wé. "Kò yé wa." Àwa wo? Èmi nìkan ni mo jókòó sídìí bírò yẹn, ó sì yé mi.

Ọdún ọ̀wọ́n dé. Ilé iṣẹ́ náà kò rí bébà rà mọ́. Ojú ewé orin ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, èmi ni wọ́n yọ tẹ̀lé e. Làásìsì ti padà sí Ẹ̀siẹ́ nígbà náà, ó ń dáko, ó sì ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Kò ṣe àwo mìíràn mọ́. Ikọ́ ló pa á ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo gbọ́, n kò lọ kí wọn.

Ìwọ ńkọ́? Yorùbá tí mo kọ́ ní Ìlọrin ni mo fi tọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé nítorí bàbá rẹ tí í ṣe ará Ìwó ni. Irọ́ ni. Bàbá rẹ fẹ́ràn àtimáa gbọ́ èdè Ìgbómìnà wa. Èmi ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣẹ̀sín. Nítorí náà, nígbà tí o kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ Múfú kò yé ọ, òótọ́ lo kọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi ṣe é.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ohun tí o pè ní "ariwo irin" kì í ṣe ariwo. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ bàbá Múfú ni. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń na irin pa-pa-pa, bí wọ́n bá da ẹ̀gẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gbéra. Múfú máa ń dúró de ibi tó ti rẹ̀ sílẹ̀ yẹn kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìlù rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí o kò bá mọ ibi tó ti wá, má tíì pè é ní ariwo. Bèèrè.

Mo gbọ́ ojú kìíní, ó yé mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀tọ̀ tí mo ká sínú àpò yìí. Mo yí i sí ojú kejì. Nígbà tó dé àárín, ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé. Ọ̀rọ̀ Làásìsì ni, láti inú àwo yẹn. Ọmọ náà sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́, ìdákẹ́ kan kò yẹ̀. Mo mú bírò láti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ.

N kò gbọ́ ọ.

Mo fi bírò náà yí kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, kí n má fi bátìrì ṣòfò. Mo tún gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ títí ohùn ọmọ náà fi ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ń kọjá lójú mi bí ojú ẹni tí a mọ̀ rí nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Mo lọ bi àwọn àgbà méjì lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ní àwọn ìyá wọn ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ti apá Ẹ̀siẹ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ mi lọ fún ogún ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló di òtítọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà dé Àràndún. Epo tán nínú rẹ̀ níbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù dé Ẹ̀siẹ́. Mo bá ìyàwó Làásìsì, Ìyá Múfú, nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ náà.

"Ìwọ lọmọ Ọ̀mù tó ń kọ̀wé," ló wí, kí n tó kí i tán. "Mo mọ̀ ọ́ nínú fọ́tò sukúù wọn. O ti sanra."

Mo ní, "Ẹ̀pà ni."

"Ẹ̀pà tí ò ń tà náà lò ń jẹ? O ò lè jèrè láyé."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí n tún un sọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà tí o kọ ọ́ pé kò yé ọ, Bàbá Múfú ní irọ́ lò ń pa. Títí tó fi kú. Ó ní, ó yé e, ó yé e ju gbogbo wọn lọ."

"Irọ́ ni mo pa lóòótọ́."

"Báyìí ńkọ́?"

"Báyìí, kò yé mi mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ara ẹ̀rọ mú kí ó má ṣubú. "Ó wá fẹsẹ̀ rìn láti Àràndún, èmi ló wá bi. Ọmọ ìlú Bàbáńlá ni mí, ọkọ ló gbé mi wá síbí. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Bàbá Múfú ni. Bàbá Múfú nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Múfú ńkọ́?"

"Múfú ń sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ ni. Kí ló fẹ́ mọ̀ nínú rẹ̀? Àdúrà ni, a ṣáà mọ ìyẹn. O ò gbóhùn tó fi ń sọ ọ́? Bó bá ti sọ ọ́ tán, àwa a ṣe àmín. Lọ́jọ́ tí a sin ín, Múfú sọ ọ́ létí sàréè, ààfáà gan-an dúró dè é."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí tábìlì yẹn.

Mo ní, "Ìyá Múfú, kì í ṣe àdúrà. Àwàdà ni."

"Àwàdà báwo?"

"Mo rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, abẹ́ tábìlì ni mo sá sí lọ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó yé mi."

"Kí ló wá sọ?"

"N kò rántí."

Ó jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́. "Àwàdà," ló wí. "Gbogbo ọdún tí a fi ń ṣe àmín sí i yìí." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Lọ rántí rẹ̀, ọmọ Ọ̀mù. Ìwọ nìkan ló kù." Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ti gbéra, n kò gbọ́ ọ.

Mo ti gbìyànjú. Àná, mo ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan, mo wọ abẹ́ tábìlì, èmi ìyá rẹ, mo fi ọwọ́ bo ẹnu bí mo ti ṣe nígbà náà, bóyá ọ̀rọ̀ náà á wá. Ẹ̀rín náà wá. Ohun tó fà á kò wá. Wọ́n máa ń wí pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. N kò gbẹ. Mo wà níbí, mò ń jẹun, mò ń ta ẹ̀pà. Bóyá ìbá sàn kí n gbẹ.

Nítorí náà, pa ìlà kẹta ìwé rẹ rẹ́. Ìlà tó tẹ̀lé e, níbi tí o ti pe apá yẹn ní ẹkún ọmọ lórí bàbá rẹ̀, pa òun náà rẹ́. N kò ní kí o yin kásẹ́ẹ̀tì náà nítorí mi. Bí o bá yìn ín láti fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ mi, irọ́ kejì nìyẹn. Orin kẹta lójú kìíní gùn jù. Kọ ọ́ pé ó gùn jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé apá tí ohùn ti lọ sílẹ̀ yẹn, kọ ọ́ pé ìwọ ni kò yé, kí o sì fi orúkọ ara rẹ sí i. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ pé obìnrin kan wà ní Ọ̀mù-Àrán tí ó yé rí, pé ó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Má fi orúkọ mi pamọ́. Ohun tó kù nínú ìtumọ̀ rẹ̀ láyé yìí nìyẹn, n kò ní òmíràn tí mo lè fi ránṣẹ́.

Mo tún ti sá bátìrì sórí ilé adìyẹ. Bí ó bá gba oòrùn tó, n ó tún gbọ́ ọ kí n tó fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ lọ́la.

Orúkọ tí o máa kọ nìyí:

Morẹ́nikẹ́, ìyá rẹ.